Bí Ààrẹ Ṣe Sọ Okùn Òkè Di Àgbà

Bí ẹ bá ń kọjá ní Ajah lọ́sàn-án Sátidé, tí ẹ rí ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun tó gbé gìtá kékeré kan mọ́ àyà bí ọmọ ìkókó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wa ni. Yukulélé ni wọ́n ń pe gìtá náà. Okùn mẹ́rin ló ní, ó fúyẹ́, ohùn rẹ̀ sì máa ń dùn gan-an lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ta. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ tiwa sílẹ̀ ná.

Àwa ò mọ̀ ọ́n ta. Ohun tó kó wa jọ gan-an nìyẹn. Ìyàwó ẹnì kan nínú wa ti ní kó lọ máa ta á lẹ́yìn ọgbà. Ọmọ ẹlòmíì ti kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun jẹ́ kí òun parí ìdánwò òun ná. Ní ti èmi Akóredé, akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹni tó ń sọ ìtàn yìí, onílé mi kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi pẹ̀lẹ́tù béèrè bóyá ológbò mi ń ṣàìsàn. Mi ò ní ológbò.

Bàṣírát Rasheed ló pè wá jọ. Obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn nítòsí ọjà Ajah ni. Òun ló bẹ àwọn aláṣẹ Ẹ́sítéètì Ìtùnú tí wọ́n fi yá wa ní gbọ̀ngán wọn, òun náà ló sì fún wa ní òfin kan ṣoṣo tí a ní: oyin kan, ata kan. Tí ẹnì kan bá ta orin tirẹ̀ tán, àwọn tó kù á sọ ohun kan tó dára nínú rẹ̀, oyin nìyẹn. Wọ́n á sì sọ ohun kan tó yẹ kó tún ṣe, ìyẹn ni ata. Ẹni tó bá fúnni ní oyin láìfi ata sí i, òun ni yóò ta orin tó kàn.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ta orin ọjọ́ ìbí, Tolúwani, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì ní Lẹ́kkí, sọ fún mi pé, "Bọ̀dá Akóredé, oyin mi ni pé ẹ rẹ́rìn-ín. Ata mi ni pé ó ń dún bíi pé ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí ti kú." Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n mo délé, mo tún un ta, mo tún un ta. Nígbà tó yá, onílé mi bá mi yọ̀ pé ara ológbò náà ti ń yá.

Báyìí la ṣe ń rìn díẹ̀díẹ̀ títí Olóyè Adétòkunbọ̀ Odùkọ̀yà fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀gá àgbà ni níbẹ̀. Kò sẹ́ni nínú wa tó mọ ohun tó ń darí, ṣùgbọ́n ó darí rẹ̀ pẹ́. Ní ọ́fíìsì, tó bá ti wọlé, gbogbo èèyàn a dìde dúró. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó wọ pálọ̀ ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó dìde àfi ajá, ajá náà sì kàn fẹ́ lọ sùn síbòmíì ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé: ọkùnrin náà ń wá ibi tí wọn yóò tún ti máa dìde fún un.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lókè òkun fi yukulélé kan ránṣẹ́ sí i, kó lè máa fi ṣeré. Ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ó wo yíká gbọ̀ngán.

"Ta ni olórí yín?"

A ní a ò ní olórí. Ó wò wá bí ẹni tó rí ọmọ òrukàn. Kí a tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, a ti dìbò. Òun nìkan ló dupò, ó sì wọlé pẹ̀lú ìbò rẹpẹtẹ. Bàṣírát fẹ́ máa pè é ní Alága. Ó ní rárá o, pé alága ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin tó ń yọ ọkọ ìyàwó lẹ́nu níbi ìgbéyàwó. Ó ní Ààrẹ ni kí a máa pe òun.

"Mo kí gbogbo ẹni tó yẹ kí n kí," ni Ààrẹ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Mo sì dúró lórí gbogbo ìkíni tí àwọn tó ṣáájú mi ti kí."

Kò sẹ́ni tó ṣáájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì kí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, inú òkùnkùn ni mo bá ẹgbẹ́ yìí." Òótọ́ ni, iná ti lọ. "Lẹ́yìn ìjíròrò tó jinlẹ̀ láàárín èmi àti ara mi, mo ti pinnu pé ẹgbẹ́ yìí yóò dìde, yóò gbéra, yóò gòkè, yóò tàn, yóò sì máa tàn lọ!"

A pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo pa tèmi pẹ́ jù, nítorí kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ló ti wò mí, tó ní, "Akóredé, mo rí ọjọ́ ọ̀la lójú ẹ." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan lójú mi rí, àfi ọdún tí mo ní àpólò.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó kan Ààrẹ láti ta orin. Ó ta á. Mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀, torí ọmọdé lè ka ìwé yìí. Nígbà tó parí, Bàṣírát nawọ́ sókè.

"Oyin mi ni pé ẹ̀rù ò bà yín rárá, sà. Ata mi ni pé ẹ ń sáré."

"Kí ni mò ń ṣe?"

"Ẹ ń sáré, sà. Orin ṣì wà ní Ajah, ẹ̀yin ti dé Ẹ̀pẹ́."

Ààrẹ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Màdáámù, iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Oríṣiríṣi ẹ̀sùn ni wọ́n ti fi kàn mí. Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn eré sísá kàn mí rí!"

Mo dìde. Ọlọ́run ló mọ ohun tó gbé mi dìde. "Ààrẹ, pẹ̀lú àṣẹ yín, ẹ ò sáré o. Orin yẹn gan-an ló lọ́ra."

Ojú Ààrẹ tàn yẹ́ríyẹ́rí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi ló dùn mọ́ ọn nínú tó bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe pé mo dìde kí n tó sọ ọ́. Nígbà tí a tún fi pàdé, òfin tuntun ti jáde. Ẹni tó bá fẹ́ fún Ààrẹ ní oyin gbọ́dọ̀ dìde dúró, oyin náà kò sì gbọdọ̀ dín sí méjì. Ní ti ata, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá sọ́dọ̀ akọ̀wé, kí akọ̀wé yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti pọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé kò sí ata kankan tó pọ́n lọ́wọ́ mi títí ìjọba náà fi wó.

Oyin wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ìsmáílà Àníọlá, ẹnjinníà tó ń ṣiṣẹ́ ní Free Zone ti Lẹ́kkí, ọkùnrin tó máa ń bú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ tí ògiri á fi mì, dìde, ó ní, "Nígbà tí Ààrẹ fọwọ́ kan okùn, orí mi wú. Kò tíì wálẹ̀." Tolúwani ní omi bọ́ lójú òun. Òótọ́ ló sọ, èéfín jẹnẹrétọ̀ ló wọ̀ ọ́ lójú. Èmi ní tèmi sọ pé bí àwọn tó ṣe yukulélé bá mọ̀ pé Ààrẹ ń bọ̀ wá sáyé, wọn ìbá ti fi okùn karùn-ún kún un. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ní ọ̀gá.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹni tí kò fọwọ́ kan yukulélé rí. Nínú okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó wà lókè pátápátá, tó sún mọ́ àgbọ̀n ẹni tó ń ta á, tín-ín-rín ni ohùn rẹ̀. Èèyàn á rò pé ohùn rẹ̀ ló yẹ kó wúwo jù, bíi ti gìtá ńlá, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohùn gíga yẹn ló ń fún yukulélé ní adùn rẹ̀.

Iwájú dígí bálùwẹ̀ ni Ààrẹ wà nígbà tó ṣàkíyèsí èyí. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní bálùwẹ̀ ẹlòmíì. Akọ̀wé ni mí, ohun tí mi ò bá rí, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó wà níbẹ̀. Ó ta okùn òkè náà, tín-ín. Ó tún un ta, tín-ín. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tó dé gbọ̀ngán, kò jókòó.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ìwà àrífín kan ti fara sin sínú ẹgbẹ́ yìí, èmi ni mo sì tú u fó! Okùn tó wà lókè, òun ni àgbà. Gbogbo okùn tó kù, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà. Ẹ wá sọ fún mi, kí ló dé tí ohùn rẹ̀ fi dà bíi ti ọmọ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́? Nílẹ̀ Yorùbá wa níbí, ta ló gbọ́ ọ rí pé àgbà ilé ń fi ohùn jòjòló sọ̀rọ̀, tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń ké ramúramù? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà!"

Bàṣírát ní, "Sà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Okùn yẹn tẹ́ẹ́rẹ́. Tí ẹ bá dẹ̀ ẹ́ kí ohùn rẹ̀ lè rẹlẹ̀, ṣe ló máa rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, á wá máa gbá igi."

"Ta ló ṣe é bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn tó ń ṣe é, sà."

"Ṣé wọ́n fi tó wa létí?"

Ta ló lè dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

Ààrẹ gbé Ìgbìmọ̀ Ìwádìí lórí Ipò Okùn Òkè kalẹ̀. Òun ni alága rẹ̀ (ó gbà kí á pè é bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀), èmi ni akọ̀wé, Ìsmáílà sì ni aráàlú. A jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, a fi ẹja díndín ṣèwádìí. Àbájáde ìwádìí wa ni pé Ààrẹ tọ̀nà. A fi kún un pé ó ti pẹ́ tó ti tọ̀nà. Ààrẹ wá pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dẹ okùn òkè títí ohùn rẹ̀ yóò fi wúwo bíi ti àgbà.

Bàṣírát kọ̀, kò dẹ tirẹ̀. Ààrẹ ní kó lọ jókòó sílé títí yóò fi mọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lé obìnrin náà kúrò nínú ẹgbẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀. Ó kó yukulélé rẹ̀ sínú àpò, ó ní, "Ẹ kú oyin o." Ó wá yà sọ́dọ̀ mi.

"Akóredé, ìwọ náà ń gbọ́ bó ṣe ń dún."

"Àǹtí, etí mi kan ló ń dùn mí."

"Wá sí ṣọ́ọ̀bù. A ní oògùn ẹ̀."

A dẹ okùn. Ẹ̀yin èèyàn, ohun tó jáde níbẹ̀! Ó ń gbọ̀n, ó ń gbá igi, bù-rù-rù, bí fèrèsé tí kò ní kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ ìjì. Gbogbo wa wo ara wa. A ò lè sọ pé ó burú, a ò sì rí ọ̀nà tí a lè gbà sọ pé ó dùn. Ìsmáílà ló gbà wá sílẹ̀. Ó dìde, ó ní, "Ó jinlẹ̀." Inú wa dùn bí ẹni tí wọ́n yọ nínú omi. Gbogbo wa fò dìde, a ń pariwo pé ó jinlẹ̀, ó jinlẹ̀ gan-an. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sáré wọlé, ó béèrè bóyá agbọ́n ló wọ gbọ̀ngán, kí òun lọ wá oògùn kòkòrò. Ààrẹ ní agbọ́n kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé aráàlú ti ń fún wa ní oyin.

Àṣírí kan wà tí mi ò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún yín. Nílé, kálukú wa máa ń yí okùn náà le padà, kí a lè gbádùn orin wa. Tí a bá ti dé géètì ẹ́sítéètì, a ó dúró sínú mọ́tò, a ó tún dẹ̀ ẹ́. Mo ti bá Tolúwani níbẹ̀ rí, ó ń dẹ tirẹ̀, èmi náà ń dẹ tèmi. A kí ara wa, a sọ̀rọ̀ nípa oòrùn. Ààrẹ nìkan ni okùn rẹ̀ rọ̀ tilé tọ̀nà. Òun nìkan ló gba ara rẹ̀ gbọ́.

Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Fèyíkẹ́, gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan níbi tó ti ń ta á nínú pálọ̀. Ó fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀.

"Bàbá Fèyíkẹ́, ṣé bó ṣe ń dún lọ́dọ̀ àwọn tó kù náà nìyí?"

"Wọ́n ní ó jinlẹ̀."

"Kànga náà jinlẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "èèyàn kì í sì í kó sínú ẹ̀."

Ààrẹ ní obìnrin ò mọ̀ nípa orin. Tí ó bá gba ata kan ṣoṣo yẹn, ǹ bá má rí ìtàn sọ fún yín.

Nígbà tó yá, ìròyìn kàn pé gbogbo ẹgbẹ́ oníyukulélé, àní láti Lẹ́kkí títí dé Ẹ̀pẹ́, yóò pàdé létí òkun ní Ìbẹjú-Lẹ́kkí, wọn yóò ta orin fún ara wọn, wọn yóò sì yan ẹnì kan ṣe Ààrẹ Àpapọ̀. Bàbá Dúrósinmí ló gbà wá lálejò, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n bí sí abúlé àwọn apẹja níbẹ̀. Ọjọ́ tí Ààrẹ gbọ́, ó pè mí wá sílé. Kò ṣe fáàrí bó ṣe máa ń ṣe.

"Akóredé, ẹgbẹ́ mẹ́fà! Fojú inú wò ó. Kí n máa wọlé, kí ẹgbẹ́ mẹ́fà dìde."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní purọ́. Mo rí ọkùnrin àgbàlagbà kan tí ayé ti gbàgbé, tó ń tọrọ ohun kékeré tí kò náni ju kéèyàn gbé ìdí kúrò lórí àga lọ. Ṣé kò yẹ kí n sọ òótọ́ fún un nígbà náà? Ó yẹ. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí ipò Akọ̀wé Àgbà Àpapọ̀ fún mi. Mo ní, "Sà, wọn ò tiẹ̀ ní í jókòó rárá."

Ọjọ́ náà pé. Ààrẹ ní kí n máa wakọ̀ lọ níwájú, kí n tan iná mọ́tò, kí n máa lé ọkọ̀ kúrò lọ́nà fún òun. Kòròlá mi àtijọ́ ni mo fi ń lé àwọn tírélà tó ń lọ sí pọ́ọ̀tù. Ẹ ò nílò kí n sọ ẹni tó lé ẹnì kejì kúrò lọ́nà. A débẹ̀, a bá èèyàn rẹpẹtẹ lábẹ́ àwọn igi àgbọn. Bàṣírát náà wà níbẹ̀, ó ti dá ẹgbẹ́ kékeré mìíràn sílẹ̀ ní Ṣàǹgótẹ̀dó. Ó kí Ààrẹ lórí ìkúnlẹ̀. Ààrẹ ń wo òkun.

Orin kan ṣoṣo ni gbogbo ẹgbẹ́ kọ́kọ́ jọ fẹ́ ta, orin ìkíni tó rọrùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí Bàbá Dúrósinmí fi gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ dúró, ẹ dúró. Nǹkan kan ń gbọ̀n níbì kan."

Wọ́n mi ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ó tún ń gbọ̀n. Ẹnì kan ní bóyá ọkọ̀ ojú omi ló ń bọ̀. Bàbá Dúrósinmí wá ń rìn láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́, ó ń dẹtí sílẹ̀, títí ó fi dé iwájú wa. Ó dúró.

"Ẹ̀yin ni," ó ní.

"Ìjìnlẹ̀ lẹ gbọ́," ni Ààrẹ fèsì. Ó bọ́ síwájú, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó kí gbogbo ẹni tó yẹ kó kí, ó dúró lórí gbogbo ìkíni, ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ okùn àgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní tí òun bá di Ààrẹ Àpapọ̀, gbogbo okùn òkè láti Lẹ́kkí dé Ẹ̀pẹ́ ni yóò padà sí ipò àgbà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé yukulélé rẹ̀ mọ́ àyà, ó di ojú, ó ta orin tirẹ̀.

Nígbà tó parí, oyin ló kàn. Òfin oyin àti ata ti tàn dé gbogbo ẹgbẹ́, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní oyin kí wọ́n tó fi ata sí i. Wọ́n wá oyin títí. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwadábírà, láti ẹgbẹ́ Lẹ́kkí, ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Oyin mi ni pé... fìlà yín dára gan-an, sà."

Ẹni tó tẹ̀lé e ní, "Oyin tèmi náà ni ti fìlà."

"Fìlà lèmi náà fẹ́ sọ."

Ẹnì kan ní, "Àwọ̀ fìlà yẹn," ó rò ó díẹ̀, ó jókòó.

Bàbá Dúrósinmí ló fún un ní ata. Kò fi ṣẹlẹ́yà. Bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ ló ṣe sọ ọ́. "Olóyè, okùn òkè yín ti rọ̀. Ẹ yí i le, kí ẹ sì rọra máa ta á. Ọwọ́ yín ò burú."

Ọwọ́ yín ò burú! Ọ̀rọ̀ rere ni o, òun ni oyin gidi àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni fún Ààrẹ látìgbà tí a ti mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ni, á dúpẹ́, á yí okùn le, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ààrẹ wo ojú gbogbo èèyàn, ó rí i pé ipò ń bọ́ lọ, ó wá yíjú sí àwa ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tí mo ti ń bá wọn jà lé lórí nìyí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi ló dẹ okùn, àwọn ni wọ́n kó bá mi. Akọ̀wé mi yìí ló kọ àbájáde ìwádìí náà. Akóredé, ìwọ kọ́ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, sà," ni mo wí. Òótọ́ kúkú ni.

Tolúwani gbé yukulélé rẹ̀ sórí itan, ó di orí yukulélé náà mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí okùn òkè le. Tín-ín. Ààrẹ ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń sọ bí àwọn ọmọ abẹ́ ṣe máa ń ba ọ̀gá jẹ́. Ìsmáílà náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí tirẹ̀. Tín-ín. Lẹ́yìn náà, àwọn tó kù tẹ̀lé wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀ọ́kán, Bàṣírát ta okùn òkè tirẹ̀, ó dúró, ó tún un ta, ó tún dúró, kí wọ́n lè fi wọn tiwọn. Inú mi dùn, ojú tì mí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi náà gbé ọwọ́ lọ sí orí yukulélé mi. Ààrẹ wò mí. Mo fi ọwọ́ náà họ ọrùn.

Ìdìbò ló kù. Bàbá Dúrósinmí ní kò sí ìwé, kò sí àpótí, ìlà ni a ó tò, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní abúlé àwọn. Ẹni tó ń dupò á kọjú sí òkun, á kọ ẹ̀yìn sí èèyàn, kò sì gbọdọ̀ wẹ̀yìn títí wọn yóò fi kà á tán, kí ọ̀rẹ́ má bàa di ọ̀tá nítorí ipò. Ààrẹ jáde síta, ó kọjú sí òkun. Àwọn ẹgbẹ́ tó kù ti Bàṣírát síta. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó wá ní òun gbà tí wọn ò bá ní í mú ata kúrò láé. Òun náà kọjú sí òkun.

Èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Tolúwani lọ sẹ́yìn Bàṣírát. Ìsmáílà, ẹni tí orí rẹ̀ ò tíì wálẹ̀, lọ síbẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ wa lọ síbẹ̀. Èmi náà gbé ẹsẹ̀ kan.

"Akóredé, ṣé o wà níbẹ̀?"

Ààrẹ ni, kò wẹ̀yìn.

"Mo wà ńbẹ̀, sà." Ẹnu mi ló dáhùn kí n tó dá a lẹ́kun. Mo gbé ẹsẹ̀ náà padà, mo dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Báwo ni ìlà wa?"

Mo wẹ̀yìn. Iyanrìn ni mo rí, àti akàn kan tó ń lọ síbi tirẹ̀.

"Ó gùn, sà."

"Ó dé ibo?"

"Ó ti dé ìdí àgbọn, sà."

Èjìká rẹ̀ rọ̀. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀, tó sọ fún òkun pé òun dúpẹ́, pé òun ò mọ̀ pé èèyàn ṣì fẹ́ràn òun tó báyìí. Bàbá Dúrósinmí dé láti kà wá. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Ení." Ó wo ẹ̀yìn mi, ó wo ojú mi, ó mi orí, ó sì kọjá sí ìlà kejì.

"Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin..."

Ààrẹ gbé orí sókè. "Kí ló dé tó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè?"

"Ó ṣì í kà ni, sà. A ti pọ̀ jù."

Ààrẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí òkun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kà.